Níbo Gan-an Ni Agbára Yẹn Wà?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ìbéèrè kan ò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní SS1 ló bi mí. Ọ̀rọ̀ fíṣíìsì ni, ti potential energy (agbára tí wọ́n ní nǹkan máa ń ní tó bá wà lókè) àti kinetic energy (agbára tó ń ní tó bá ń sáré) yẹn, èyí tí gbogbo wa tá a ṣe sáyẹ́ǹsì ti kọ́ sórí bí orin. Ó ní: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbé òkúta kan kúrò nílẹ̀ tí mo gbé e lé orí fẹ́ǹsì, wọ́n ní ó ti ní agbára báyìí. Ṣùgbọ́n òkúta yẹn náà ni. Kò gbóná, kò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọ̀ ẹ̀ ò yí padà. Tí mo bá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, mi ò ní bá nǹkan kan nínú ẹ̀. Níbo gan-an ni agbára yẹn wà?"

Ó ti kọ́kọ́ bi tíṣà ẹ̀, ìyẹn ní kó kọ ọ́ bó ṣe wà nínú nóòtù, pé bí WAEC ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mi ò bá tíṣà jà o, mo mọ bí kíláàsì tó kún fọ́fọ́ ṣe máa ń rí, tí ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ́ parí kí ìdánwò tó dé sì pọ̀ bí eṣú. Ohun tó dùn mí ni pé ìbéèrè tó dáa jù tí ẹnikẹ́ni lè béèrè lórí ọ̀rọ̀ yẹn, nóòtù ni wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọmọ tó sì ń béèrè pé níbo ni nǹkan wà, ọ̀nà ló ń béèrè.

Kì í ṣe pé mi ò ní fọ́múlà lọ́wọ́. Òun náà ní in, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mú bí nǹkan ṣe wúwo tó ní kílò, fi 9.8 sọ ọ́ di púpọ̀, tún fi bó ṣe ga tó ní mítà sọ ọ́ di púpọ̀, potential energy nìyẹn, joule ni wọ́n sì fi ń kà á. Ti kinetic energy, kílò náà ni, wàá fi sípíìdì sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wàá wá pín gbogbo ẹ̀ sí méjì. Kò sóhun tó le níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ni fọ́múlà máa sọ fún ẹ, kò ní júwe ilé. Ilé sì ni ọmọ yìí ń béèrè.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí yí padà, ìnáwó ìdílé wa kan la lọ ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo níbí. Ẹ mọ bí ẹ̀yìnkùlé ilé ìnáwó ṣe máa ń rí láàárọ̀, èéfín lọ́tùn-ún, ìkòkò ńlá lósì, àwọn ìyá ń pàṣẹ, wọ́n ń rán àwọn ọmọ níṣẹ́ lọ síbí lọ sọ́hùn-ún. Kànga ilé yẹn, ti àtijọ́ ni, ẹnu ẹ̀ ò ga rárá, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi yí i ká dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, tí wọ́n bá ti ṣí páànù tí wọ́n fi dé e, etí ihò náà lẹ máa wà yẹn. Ẹnì kan ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ síbẹ̀, okùn ẹ̀ ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ọmọ kékeré kan tó ń gbé àwo kọjá ló fi gìgísẹ̀ kàn án. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yí gbiri, ó wọlé.

Okùn tó ká jọ yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ó ń tú, ó ń ta pọ́ún pọ́ún lórí sìmẹ́ńtì, ó sì ń yára sí i ni, kò dẹwọ́. Ìyá àgbà kan figbe ta, "Ẹ di okùn mú o!" Ọmọkùnrin kan tó ń la igi jù àáké sílẹ̀, ó sáré dì í mú. Ó dá a dúró lóòótọ́, nígbà tó kù díẹ̀ kó kan omi, ṣùgbọ́n òun náà pariwo, torí okùn yẹn ti gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá kó tó dúró, nígbà tó máa la àtẹ́lẹwọ́, ó ti pọ́n yòò, awọ ti bó níbì kan.

Àwọn tó kù ń wá òróró tí wọ́n máa fi pa á lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò létí kànga. Ó wojú mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ilẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wà o. Wọ́n ní tí nǹkan bá ti wà nílẹ̀, gíga ẹ̀ odo ni, potential energy ẹ̀ náà odo ni. Níbo ló ti rí agbára tó fi bó bùọ̀dá yẹn láwọ?"

Mo fẹ́ dáhùn, ó ní kí n dákẹ́ ná (kò sọ ọ́ báyẹn o, ọwọ́ ló gbé sókè pẹ̀lú ìtẹríba). Ó ní tí wọ́n bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, tí ọmọ yẹn fi ẹsẹ̀ kàn án, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀, ó máa kàn yí lulẹ̀ ni. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, ilẹ̀ kan náà, ó kàn jẹ́ pé ihò wà níbí, ihò ò sí lọ́hùn-ún. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Àbí kì í ṣe ara bọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà rárá?"

Kì í ṣe ara ẹ̀ ló wà. Ohun tí mo ti ń wá ọ̀nà bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ létí kànga. Ayé tá a dúró lé yìí ń fa bọ́kẹ́ẹ̀tì, bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń fa ayé, agbára tí à ń sọ yìí, tàwọn méjèèjì ni, ti àlàfo tó wà láàárín wọn. Tá a bá mú ayé kúrò níbẹ̀ tó jẹ́ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló dá wà nínú òfurufú, gbé e lọ sókè títí ilẹ̀ á fi ṣú, o ò tíì fi nǹkan kan pamọ́.

Mo ní kó wò ó bíi gbèsè. Tí mo bá yá ẹ ní 5,000 náírà, tí o ti ná an tán, gbèsè wà láàárín èmi àti ẹ, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n tú àpò mi wò, kò sí níbẹ̀. Tú tìẹ náà wò, kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá wá sin ín, owó gidi ló máa jáde, owó tó ṣeé rajà. Ẹni tó bá gbé òkúta sórí fẹ́ǹsì ti lo agbára apá ẹ̀, ó ti ná an, ohun tó ná an lé lórí ni àárín òkúta àti ayé. Ọjọ́ tí òkúta bá já ni ó máa gbà á padà.

Torí náà, odo tí wọ́n ń sọ yẹn, àwa la yàn án. Tó o bá yan ilẹ̀ ilé, bọ́kẹ́ẹ̀tì létí kànga ní odo. Tó o bá yan ojú omi inú kànga, ó ní púpọ̀. Méjèèjì ló tọ̀nà, kò sí èyí tó ń purọ́, torí pé ìyàtọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí wọ́n máa sọ èyí fáwọn ọmọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó fún wọn ní fọ́múlà kankan.

Nígbà tó bá ń já

Ká ní kò sẹ́ni tó di okùn yẹn mú, ká sì ní bọ́kẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ kílò 2, kànga sì jin tó mítà 10 kó tó kan omi. 2 lọ́nà 9.8 lọ́nà 10, joule 196 nìyẹn. Tí a bá gbójú fo okùn àti afẹ́fẹ́, sípíìdì tó máa fi kan omi á jẹ́ mítà 14 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹ wá fi 14 yẹn sínú fọ́múlà kejì: 14 lọ́nà 14 jẹ́ 196, lọ́nà kílò 2, pín in sí méjì, 196 náà ló padà jẹ́. Kò lé, kò dín. Nígbà tí mo ṣe é fún ọmọ yìí lórí bébà tí wọ́n fi di búrẹ́dì, ó ní kí n tún un ṣe, kó rí i dáadáa.

Àwọn nǹkan méjì wà níbẹ̀ tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Èkíní, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn bá kún fún omi, mítà 14 náà ló máa jẹ́, torí bó ṣe wúwo tó wà nínú fọ́múlà méjèèjì, ó pa ara ẹ̀ rẹ́. Èkejì, nígbà tó bá dé ìdajì ọ̀nà, ní mítà 5, ìdajì agbára ẹ̀ ti di eré, ṣùgbọ́n sípíìdì ẹ̀ kì í ṣe 7, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Níbo wá ni 196 yẹn ń lọ tó bá ti bọ́ sómi? Ó dún, ó ta omi sí ara ògiri, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ẹ̀ di ooru. Ooru náà wà lára ohun tó bó ọwọ́ ọmọkùnrin yẹn, eré tí okùn ń sá ló di gbígbóná sí i lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdílé ẹ̀ ń pọn ọtí bíà, ló fi èyí hàn gbangba ní àwọn ọdún 1840. Ó so ìwọ̀n mọ́ okùn, ó jẹ́ kó máa já wálẹ̀, okùn yẹn ń yí nǹkan bí àjẹ̀ nínú omi, ó sì ń fi tẹmómítà wo bí omi yẹn ṣe ń gbóná. Ìgbóná náà kéré débi pé ẹni tí ò ní sùúrù ò ní rí i. Omi tó bá já láti mítà 10, ooru tó máa fi kún un ò tó ìdá kan nínú 40 dígírì kan. Ṣùgbọ́n Joule ní sùúrù, orúkọ ẹ̀ la sì fi ń ka agbára títí dòní.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Sípíìdì tí wọ́n ní ká fi sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ yẹn, òun ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń gbé ìlú bíi tiwa. Ní bíi 300 ọdún sẹ́yìn, ó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù. Àwọn kan ní sípíìdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ ká kà. Leibniz, ará Jámánì, ní rárá o, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ará Netherlands kan, Willem 's Gravesande, wá mú bọ́ọ̀lù idẹ, ó ń jù ú sílẹ̀ láti òkè sórí amọ̀ rírọ̀, ó sì ń wọn bó ṣe wọlé sí. Èyí tó sáré ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló wọlé. Ìlọ́po mẹ́ta, ó wọlé ní ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Obìnrin kan ló mú iṣẹ́ yẹn tó jẹ́ kó yé àwọn èèyàn, Émilie du Châtelet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1740. Lásìkò yẹn obìnrin ò lè wọ yunifásítì nílùú wọn, owó ara ẹ̀ ló fi ń gba olùkọ́ ìṣirò. Lẹ́yìn náà ló tún túmọ̀ iṣẹ́ ńlá Isaac Newton, onífíṣíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí èdè Faransé, ó ń ṣe é lọ nínú oyún, ó parí ẹ̀, ó bímọ, ó sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní 1749, ọmọ ọdún 42. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fóun. Inú mi dùn gan-an sí ìyẹn, torí nínú gbogbo nóòtù fíṣíìsì tó ní, orúkọ obìnrin kan ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Mítà 14 ní sẹ́kọ́ńdì kan, kìlómítà 50 ní wákàtí kan nìyẹn, sípíìdì tí òfin ìrìnnà gbà fún mọ́tò nígboro, tó o bá ń lọ láti Ọláìyá sí Òkè-Fìà. Kì í jọ pé èèyàn ń sáré rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 50 kọlu ògiri, bí ẹni tó já láti orí mítà 10 ni, ìyẹn òkè ilé alájà mẹ́ta. Tó bá wá jẹ́ 100 ńkọ́, bóyá lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán tí ọ̀nà ti tẹ́jú? Ojú á sọ fún ẹ pé 100 jẹ́ 50 méjì, pé òkè ilé alájà mẹ́fà ni. Irọ́ ni. Mítà 40 ni, ilé tó ga tó alájà méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọlọ́kadà tó kúrò ní 40 tó bọ́ sí 80, agbára tó gbé sórí ara ẹ̀ àti sórí èrò ẹ̀yìn ẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin, bíréèkì ẹ̀ ò sì di mẹ́rin, bíréèkì àtẹ̀yìnwá ni, torí náà ọ̀nà tó máa gbà lẹ́yìn tó bá ti tẹ bíréèkì kó tó lè dúró máa gùn ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo máa ń rí àwọn òbí tí wọ́n ń gbé ọmọ ìléèwé mẹ́ta sórí ọ̀kadà láàárọ̀, ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí nìyẹn, nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún èèyàn.

Táǹkì omi àti ẹ̀pà méjì

Lẹ́yìn ìnáwó yẹn, ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò gbogbo nǹkan tó bá wà lókè. Ó dé ọ̀dọ̀ táǹkì dúdú tó wà lórí irin ní kọ̀ńpáǹdù wa, lítà 1,000, irin ẹ̀ ga tó mítà 3. Omi lítà 1,000 jẹ́ kílò 1,000. Ó rò ó, ó bọ́ sí joule 29,400. Ó ní hẹ̀n-ẹn, èyí pọ̀ gan-an, ṣé a ò lè fi tan iná?

Mo ní kó mú fóònù mi. Bátìrì ẹ̀, irú tí wọ́n kọ 5000 mAh sí lára, tó bá kún, ó tó joule 69,000. Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń wọ àpò ju gbogbo táǹkì yẹn lọ ní ìlọ́po méjì àti lé. Ẹ̀pà gíráàmù kan ṣoṣo, ìyẹn bíi hóró méjì, tí ara bá jẹ ẹ́, ó tó joule 24,000. Ìyẹn ni pé agbára gbogbo omi tó wà lórí irin yẹn, tó jẹ́ pé mọ́tò ni wọ́n fi gbé táǹkì ẹ̀ wá, hóró ẹ̀pà méjì sí mẹ́ta ni. Ó ya ọmọ yìí lẹ́nu, ó ya èmi náà lẹ́nu, bí mo tiẹ̀ mọ fọ́múlà ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìdí ẹ̀ ni pé bí ayé ṣe ń fa nǹkan ò lágbára tó bí a ṣe rò. Agbára inú ẹ̀pà àti inú bátìrì, àárín lòun náà wà, àárín àwọn átọ̀mù (ẹyọ kéékèèké tí wọ́n para pọ̀ di gbogbo nǹkan) tó fi iná mànàmáná fa ara wọn, ọ̀kan ń fa èkejì pẹ̀lú agbára tó ju ti ayé àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì. Tó o bá jẹ ẹ̀pà, àwọn átọ̀mù yẹn á tún ara wọn tò pẹ̀lú atẹ́gùn tó o ń mí sínú, ohun tó bá ṣẹ́kù nínú ìtúntò yẹn lo fi ń rìn. Ìdáhùn tí ọmọ yìí rí létí kànga dé inú oúnjẹ náà.

Òṣogbo àti omi Kainji

Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ táǹkì yìí máa bi mí pé báwo wá ni wọ́n ṣe ń fi omi ṣe iná. Ọ̀pọ̀ omi ni. Kainji, ibi tí wọ́n ti sé odò Ọya láti fi ṣe iná, tí wọ́n parí ní 1968, àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ lè mú mégáwáàtì 760 wá tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn mílíọ̀nù joule 760 ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan. Tí omi bá ń já láti nǹkan bíi mítà 30, omi táǹkì kan máa mú joule 294,000 wá. Ẹ pín in wò, ó ju táǹkì 2,500 lọ, kì í ṣe lóòjọ́ o, ní sẹ́kọ́ńdì kan, ká tiẹ̀ tó yọ èyí tó ń ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí adágún ẹ̀ fi gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, tí ìlú Bussa àtijọ́ fi lọ sábẹ́ omi, tí wọ́n kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ sí New Bussa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tá à ń gbé Òṣogbo ò mọ̀ pé ìlú wa níbí ni National Control Centre wà, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ gbogbo iná ìjọba ní Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n ń wò jù níbẹ̀ ni pé kí gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣe iná máa yí ní sípíìdì tó máa fún wa ní 50 Hz, ìyẹn kí iná máa lọ síwá sẹ́yìn nígbà 50 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Àwọn ẹ̀rọ yẹn wúwo, wọ́n sì ń yí, kinetic energy ló kún inú wọn. Tí àwọn èèyàn bá ṣàdédé tan nǹkan tó ju ohun tó ń wọlé lọ, inú yíyí yẹn ni iná ti máa kọ́kọ́ yọ èyí tó ṣẹ́kù, láàárín sẹ́kọ́ńdì díẹ̀, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, 50 yẹn á máa wálẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà kí omi púpọ̀ sí i já, kí ti òkè wá dí ti eré tó ti lọ, tàbí kí wọ́n dín àwọn tó ń lo iná kù. Tí kò bá yá, tó wálẹ̀ jù, àwọn ẹ̀rọ á yọ ara wọn kúrò kí wọ́n má bàa bàjẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ibi tí òkùnkùn gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń wá nìyẹn.

Mo fi máàpù han ọmọ yìí kó lè rí ibi tí omi yẹn ń gbà. Ó tọ́ka sí ìsàlẹ̀ Kainji, ó ní ibí ni odo, omi ti já tán níbí. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, Ọya ń bá tiẹ̀ lọ, mo ní kó tẹ̀ lé e wá sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni Jebba wà. Omi kan náà yẹn, tó ti já ní Kainji tó ti ṣiṣẹ́, ni wọ́n tún dá dúró níbẹ̀, tí wọ́n tún jẹ́ kó já lẹ́ẹ̀kejì, mégáwáàtì 578 ni wọ́n sì kọ́ Jebba fún.